Ìkòkò aró kò sí nínú ẹ̀rọ: Odoo àti ERPNext lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ẹni tó fẹ́ so ìwé tirẹ̀ mọ́ ẹ̀ka tó wà nílẹ̀

Oníbàárà kan gbé aṣọ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yáàdì márùn-ún. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun fọ̀ ọ́ tí gbogbo omi inú báàfù fi di búlúù. Kò pariwo, ó kàn tẹ́ aṣọ náà sórí káńtà ni. Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù ti àtàǹpàkò bọ omi, wọ́n fi ra etí aṣọ náà, wọ́n gbé ọwọ́ sókè wò ó, wọ́n wá yíjú sí mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú laptop mi. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ tó o kó wá yìí, ṣé ó mọ ìkòkò tí èyí ti jáde?"

Kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ta aṣọ náà, ó mọ iye tí wọ́n tà á, ó mọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó rà á, ó sì mọ iye yáàdì tó kù ní sítọ́ọ̀. Ìkòkò aró ni kò mọ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ERPNext, kò sì sí nínú Odoo, sọ́fítíwíà méjì tí wọ́n fi ń bójú tó títà, sítọ́ọ̀ àti ìṣirò owó: Íńdíà ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ṣe ìkejì, kò sí aláró Kémta kankan níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ohun tó sì jẹ́ kí ìbéèrè Màmá lágbára ni pé aṣọ kan ṣoṣo kọ́ ló ń wọ ìkòkò. Bí aró ìkòkò yẹn kò bá di aṣọ mú, á jẹ́ pé aṣọ méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn wà níta tí àwọn tó rà wọ́n kò tíì fọ̀.

Èyíkéyìí nínú sọ́fítíwíà méjèèjì ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá ìwé tiyín sílẹ̀. Odoo ń pè é ní model, ERPNext ń pè é ní DocType. Èmi á máa pè é ní ìwé, torí ìwé gbèsè àti ìwé ọjà la kúkú mọ̀. Dídá a sílẹ̀ kò le. Síso ó mọ́ ẹ̀ka Títà, ẹ̀ka Sítọ́ọ̀ àti ẹ̀ka Ìṣirò Owó tó ti wà níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í, ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ fi méjèèjì wéra. Ìkòkò aró ni àpẹẹrẹ mi. Ẹni tó bá ń sin adìẹ ní Ọ̀báńtokò lè ka ìkòkò sí ilé adìẹ. Ẹni tó bá ń ṣe búrẹ́dì lè kà á sí ààrò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ti wà níbẹ̀

Kẹ́ ẹ tó dá ìwé kankan sílẹ̀, ẹ wo ohun tí Odoo ń pè ní lot àti ohun tí ERPNext ń pè ní batch. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń fi nọ́ńbà kan sàmì sí gbogbo ọjà tó jáde pọ̀, ẹ̀rọ á sì lè tọpa rẹ̀ láti sítọ́ọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láìjẹ́ pé ẹ kọ kóòdù kankan. Bí aṣọ yín bá ń wọ ìkòkò kan ṣoṣo, tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ kò sì ju "ìkòkò wo" lọ, ẹ fi batch ṣe é kẹ́ ẹ lọ sùn. Mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín fún ìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ERPNext, orí ọjà fúnra rẹ̀ lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ pé ó ní batch, ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ọjà náà tó wọlé tàbí kó tó jáde rárá. Bó bá ti ní àkọsílẹ̀ sítọ́ọ̀ kan báyìí, kò ní gbà kẹ́ ẹ yí i padà mọ́, ẹ máa wá dá ọjà tuntun sílẹ̀ ni. Ní ti Odoo, orúkọ tí ìwé lot ń jẹ́ nínú kóòdù yí padà ní ẹ̀dà 16: stock.production.lot ni tẹ́lẹ̀, stock.lot ni báyìí. Ẹni tó bá da kóòdù àtijọ́ kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àṣìṣe pupa ló máa kí i káàbọ̀.

Ti Màmá kò ṣeé fi batch nìkan yanjú, ìdí rẹ̀ sì wà nínú iṣẹ́ aró fúnra rẹ̀. Aró èlú kì í mú aṣọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á rì í, wọ́n á gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ibẹ̀ ló ti ń yí láti àwọ̀ ewé sí búlúù lójú yín, wọ́n á tún rì í. Aṣọ tí wọ́n bá fẹ́ kó dú dáadáa lè wọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú ìkòkò tí agbára rẹ̀ ti ń lọ, kó parí nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Aṣọ kan, ìkòkò méjì. Ìkòkò kan, ogún aṣọ. Ohun tí batch mọ̀ kò tó ìyẹn.

Kíkọ orúkọ àti mímú un nínú àkójọ

Ọ̀nà tó yá jù ni kẹ́ ẹ fi àyè kan kún ìlà ọjà lórí ínfọ́ísì, kí akọ̀wé máa tẹ orúkọ ìkòkò síbẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbòmíràn, Odoo la lò. Lẹ́yìn oṣù kan, ìkòkò mẹ́ta ti di orúkọ mọ́kànlá: "Ìkòkò 2", "ikoko 2", "ìkòkò kejì", "kòkò2". Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni méjì tí ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Orí fóònù ni wọ́n ti tẹ ọ̀kan, orí laptop ni wọ́n ti tẹ ìkejì. Àmì ohùn pé sórí méjèèjì, síbẹ̀ ẹ̀rọ ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà ò lè jẹ́ ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ o pẹ̀lú àmì ohùn tí wọ́n tò tẹ̀ lé e. Ẹ kà á, ọ̀kan ni. Ẹ wá a, ìdajì lẹ máa rí.

Ohun tó dáa ni kí ìkòkò ní ìwé tirẹ̀, kí akọ̀wé máa mú un nínú àkójọ. Odoo ń pe irú àyè bẹ́ẹ̀ ní Many2one, ERPNext ń pè é ní Link. Wọn kì í tọ́jú rẹ̀ bákan náà, ìyàtọ̀ yìí sì kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Odoo ń tọ́jú nọ́ńbà kan tí akọ̀wé kì í rí. Orúkọ tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fún ìkòkò, ẹ lè yí i padà lọ́la, okùn náà kò ní já. ERPNext ń tọ́jú orúkọ àkọsílẹ̀ gan-an. Bẹ́ ẹ bá yí orúkọ yẹn padà, á lọ tún un ṣe níbi gbogbo tó ti so mọ́ nǹkan, ìyẹn dáa. Àmọ́ bí ERPNext ṣe to MariaDB, ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ sí, kì í ka àmì ohùn sí nígbà tó bá ń wo orúkọ méjì, kì í sì í ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Lójú rẹ̀, òwú àti Òwu ọ̀kan náà ni.

Màmá ní ìkòkò kan fún aṣọ òwú, wọ́n ní òmíràn ní ilé wọn ní Òwu. A dá "Ìkòkò Òwú" sílẹ̀, ó gbà. A dá "Ìkòkò Òwu" sílẹ̀, ó ní ó ti wà. Ọmọ Òwu wo ló máa gbà kẹ́ ẹ pe ìlú òun ní fọ́nrán?

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo ERPNext, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tó ń tò tẹ̀ léra jẹ́ orúkọ àkọsílẹ̀, bíi IKK-0001, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ Yorùbá sínú àyè ọ̀tọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ di àkọlé. Ibì kan wà nínú ètò DocType náà tẹ́ ẹ ti lè ní kó máa fi àkọlé yẹn han akọ̀wé dípò nọ́ńbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ta ló di okùn mú?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ká so ìwé méjì pọ̀ kò ju pé kí wọ́n mọ ara wọn lọ. Ẹnì kan ló ń di okùn mú. Bí ìlà ínfọ́ísì bá di ìkòkò mú, ìlà kọ̀ọ̀kan mọ ìkòkò kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ìkòkò bá fẹ́ mọ gbogbo ìlà tó di òun mú, ńṣe ló kàn ń béèrè, kò tọ́jú nǹkan kan. One2many tí Odoo ní kò ju ìbéèrè yìí lọ. Ojú kejì Many2one ni, láìsí Many2one kò lè dúró. Ìlà tó sì wà nínú rẹ̀, ìwé gidi ni: ẹ lè ṣí i lọ́tọ̀, ẹ lè wá a lọ́tọ̀, ẹ lè fún un ní àṣẹ tirẹ̀.

ERPNext kò gba ibẹ̀ lọ. Ohun tó ní ni child table, tábìlì ọmọ tó ń gbé nínú ìwé ìyá. Ìlà inú rẹ̀ kò ní ojú-ewé tirẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣí ìyá ló lè rí ọmọ. Ó bá iṣẹ́ kan mu gan-an, ìyẹn ohun tí wọ́n dà sínú ìkòkò: èlú mélòó, kọ́sítíkì mélòó, háídírọ́ọ̀sì mélòó. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ rí kọ́sítíkì ọjọ́ Ajé láìrí ìkòkò tó wọ̀. Ẹ fi child table ṣe ìyẹn, kẹ́ ẹ sì fi Link so ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́ Item, ìwé ọjà ERPNext, kó lè jẹ́ kọ́sítíkì tó wà ní sítọ́ọ̀ gan-an ni gbogbo wa ń sọ.

Aṣọ àti ìkòkò ńkọ́, níbi tí púpọ̀ ti ń pàdé púpọ̀? Odoo ní Many2many, ERPNext ní Table MultiSelect. Ó wuni lójú. Ẹ ṣí aṣọ, ẹ mú ìkòkò méjì, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Mo ti lò ó, mo sì kábàámọ̀. Tábìlì tí Odoo fi ń so méjèèjì pọ̀ kò ní ju òpó méjì lọ, nọ́ńbà aṣọ àti nọ́ńbà ìkòkò. Kò síbi tẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ sí, kò síbi tẹ́ ẹ máa kọ ìṣẹ́jú tó lò, kò síbi tẹ́ ẹ máa kọ ẹni tó rì í. Bí aṣọ bá sì wọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kà á.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dá ìwé kẹta sílẹ̀ sáàárín. Mo pè é ní Rírẹ. Ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí aṣọ bá wọ aró. Ó fi ọwọ́ kan di aṣọ mú, ó fi ọwọ́ kejì di ìkòkò mú, ó sì ní àyè fún ọjọ́, fún ìṣẹ́jú, fún aláró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé aládìrẹ tó ń ya bátànì sára aṣọ kì í sábà jẹ́ aláró tó ń rẹ ẹ́. Owó ọ̀tọ̀ ni kálukú ń gbà. Ìwé Rírẹ ló mọ iye tí aláró máa gbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ibòmíràn nínú ẹ̀rọ náà tó lè mọ̀ ọ́n. Nítorí èyí, ẹ má fi Rírẹ ṣe child table nínú ERPNext. DocType tó dá dúró, tó ní Link méjì, ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí ẹni tó ń sanwó máa fẹ́ ṣí i láìgba inú ìkòkò kọjá.

Batch tí mo ní kò tó lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? A kò sọ ọ́ nù. Ìdì aṣọ kọ̀ọ̀kan ní batch tirẹ̀, batch yẹn sì ni ọwọ́ kan Rírẹ dì mú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rèé, bẹ́ ẹ bá gbàgbé ìyókù: ẹ wá ohun tó ti ń rìn láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka nínú ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ so tiyín mọ́ ọn. Batch ti ń rìn láti Sítọ́ọ̀ dé ínfọ́ísì kí ẹ tó dé. Bẹ́ ẹ bá so Rírẹ mọ́ ọn, ẹ kò nílò àyè tuntun kankan lórí ínfọ́ísì. Ẹni tó gbé aṣọ padà wá, ẹ wo ínfọ́ísì rẹ̀, ẹ rí batch, batch fi Rírẹ hàn yín, Rírẹ fi ìkòkò hàn yín. Láti orí ìkòkò ẹ tún lè padà sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn mìíràn tó ra aṣọ ibẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn.

Kí n tó lọ síbi tó le, ẹ wo méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ohun tí à ń wò | Odoo | ERPNext |
|---|---|---|
| Ìsopọ̀ sí ẹyọ kan | Many2one, nọ́ńbà ló ń tọ́jú | Link, orúkọ ló ń tọ́jú |
| Ìlà inú ìwé | One2many, ìlà dá dúró | child table, ìlà wà lábẹ́ ìyá |
| Púpọ̀ sí púpọ̀ | Many2many | Table MultiSelect |
| Ìsopọ̀ sí ìwé tí irú rẹ̀ lè yàtọ̀ | Reference | Dynamic Link |
| Bí wọ́n bá fẹ́ pa ohun tó so mọ́ nǹkan rẹ́ | ẹ̀yin lẹ máa yan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ | kò ní gbà |
| Dídá ìwé sílẹ̀ láìkọ kóòdù | Studio, owó wà níbẹ̀. Tàbí developer mode | ó wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ |
| Ibi tí àkọsílẹ̀ ń gbé | PostgreSQL | MariaDB |

Ti Dynamic Link àti Reference, ẹ má ṣe é bí kò bá pọn dandan. Ìwé ẹ̀sùn tó lè wá látọ̀dọ̀ oníbàárà tàbí látọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà fún yín nìkan ni mo ti rí i pé ó wúlò.

Bí ẹnì kan bá pa ìkòkò rẹ́ ńkọ́?

Odoo ní kẹ́ ẹ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Set null: ìkòkò lọ, àyè ṣófo. Restrict: kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ pa á rẹ́ níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ṣì dì í mú. Cascade: ìkòkò lọ, gbogbo ohun tó dì í mú bá a lọ. Bẹ́ ẹ kò bá yan nǹkan kan, tí àyè náà kò sì pọn dandan, set null ló máa mú.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀bi tèmi ni. Ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ń lo Odoo, mo fi cascade sí okùn tó wà láàárín Rírẹ àti ìkòkò. Mo ní ó mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ kan mo ń pa àwọn ìkòkò tí mo fi dánra wò rẹ́, mo tẹ ìkòkò gidi kan mọ́ wọn. Rírẹ ọ̀sẹ̀ méjì bá a lọ, owó aláró bá a lọ. A rí i gbà padà láti inú bákùpù òru àná, ṣùgbọ́n rírẹ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹnu ni wọ́n fi kà á fún mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Aláró kan ní mẹ́sàn-án lòun rẹ, ẹnìkejì rẹ̀ ní méje ni. Mo gba mẹ́sàn-án gbọ́, mo sì san ìyàtọ̀ rẹ̀ nínú àpò mi.

Láti ìgbà yẹn, restrict ni mo ń fi sí okùn èyíkéyìí tí owó bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìkòkò tó bá fọ́, ẹ má pa á rẹ́. Nínú Odoo, ẹ fi àyè tó ń jẹ́ active sínú ìwé náà, ẹ mú àmì kúrò lórí rẹ̀, ìkòkò á kúrò nínú àkójọ, ìtàn rẹ̀ á sì wà. Nínú ERPNext, àyè tó ń jẹ́ disabled ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ńṣe lẹ máa tẹ àmì sí i. ERPNext kò tilẹ̀ fi cascade lọ̀ yín: bí Link bá ti di nǹkan mú, ó ní kò ṣeé pa rẹ́, á sì dárúkọ ìwé tó dì í mú. Ó máa ń bí àwọn oníṣẹ́ nínú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀.

Iye àná, iye òní

Rírẹ nílò iye tí à ń san fún aláró lórí aṣọ kan, iye yẹn sì wà nínú ìwé ìkòkò. Ẹ lè jẹ́ kí Rírẹ máa wò ó níbẹ̀, ẹ sì lè jẹ́ kó dà á kọ. Wọn kò jọra. Àyè related ti Odoo, wíwò ló ń wò. Bẹ́ ẹ bá fi owó kún un lóṣù Ọ̀wàrà, rírẹ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ tẹ́ ẹ ti san náà á gòkè lójú ìwé, aláró tó bá mọ̀wé á sì wá gba ìyókù owó rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá fi store=True sí i, ìyẹn kó tọ́jú iye náà sínú database, á dúró sójú kan. Kò ní dúró. Nígbà tí orísun rẹ̀ bá yí, òun náà á yí. Àyè lásán lẹ nílò, tí kóòdù á kún nígbà tí wọ́n bá mú ìkòkò, tí kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Fetch From ti ERPNext ń dà á kọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣí ìwé àtijọ́ tí wọn kò tíì submit, ìyẹn tí wọn kò tíì fọwọ́ sí pé ó ti parí, tẹ́ ẹ sì tún un fi pamọ́, á lọ mú iye tuntun wá, àfi bẹ́ ẹ bá ti sọ fún un pé àyè tó ṣófo nìkan ni kó kún. Ìwé tí wọ́n ti submit ti di òkúta Olúmọ, iye inú rẹ̀ kò ní yẹ̀. Òkúta yẹn náà ló máa dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi àyè tuntun kún ínfọ́ísì: ẹ kò ní lè kọ nǹkan kan sínú àyè yẹn lórí ínfọ́ísì àtijọ́, àfi bẹ́ ẹ bá tẹ Allow on Submit fún un.

Fífẹ ilé onílé

Ohun kan tó kan ẹ̀rọ méjèèjì: ẹ má fọwọ́ kan kóòdù ẹ̀ka Títà tàbí Sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun tó bá dé á gbá iṣẹ́ yín dànù. Àyè tẹ́ ẹ bá fi kún ìwé tó ti wà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà là sílẹ̀. Nínú ERPNext, Custom Field ni ọ̀nà yẹn, ẹ̀dà tuntun kì í pa á rẹ́. Odoo ní ọ̀nà méjì tí orúkọ wọn jọra débi pé wọ́n ti da orí mi rú rí. Pẹ̀lú _inherit, ẹ̀ ń fi yàrá kún ilé onílé. Pẹ̀lú _inherits, tó ní s lẹ́yìn, ẹ̀ ń kọ́ ilé tiyín, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń lo ìdáná onílé: bí Odoo fúnra rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ, res.users, fi ní orúkọ àti fóònù nínú res.partner. Ẹnì kan á ní kí a fi èkejì yìí ṣe ìwé aláró. Fún aláró mẹ́fà? Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé àwọn ènìyàn tó ti wà, kẹ́ ẹ so Rírẹ mọ́ ọn ní tààrà.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Studio tí Odoo ń polówó, inú Enterprise tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ló wà, kò sí nínú Community tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń lo Community lè tan developer mode, ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn oníkóòdù, kó dá ìwé àti àyè sílẹ̀ láti inú Settings, gbogbo orúkọ wọn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú x_. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kó ṣe ìṣirò tó nípọn, ẹ máa kọ kóòdù Python. Bó bá sì jẹ́ Odoo Online, èyí tí Odoo fúnra wọn ń gbé sórí sẹ́fà wọn, lẹ ń sanwó rẹ̀, kóòdù Python tí ẹ kọ fúnra yín kò ní lè wọ ibẹ̀, Odoo.sh (sẹ́fà Odoo tó ń gba kóòdù oníbàárà) tàbí sẹ́fà tiyín ló máa gbà á. Mo ti rí ẹni tó sanwó fún ẹni tó kọ kóòdù kó tó mọ èyí.

ERPNext kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Inú bíráwúsà lẹ ti máa dá DocType sílẹ̀, tẹ́ ẹ máa fa àyè síbi tó wù yín. Àléébù rẹ̀ ni pé, bí kò bá jẹ́ pé developer mode wà ní títàn, inú database nìkan ni DocType yẹn ń gbé. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní Kútọ̀, tó fẹ́ kó ètò kan náà lọ síbẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi fixtures, fáìlì tó ń gbé ètò láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn, gbé e.

Èrè ìkòkò kọ̀ọ̀kan

Àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò máa fẹ́ mọ ìkòkò tó ń mówó wọlé. ERPNext ní Accounting Dimension: ẹ mú DocType Ìkòkò, ẹ sọ ọ́ di dimension, á fi àyè ìkòkò sórí ínfọ́ísì àti sínú ìwé ìṣirò láìkọ kóòdù. Odoo ń lo analytic account, ìlà kan sì lè pín ara rẹ̀ pẹ̀lú ìdá ọgọ́rùn-ún: 60 sí ìkòkò kìíní, 40 sí ìkejì. Fún aṣọ tó wọ ìkòkò méjì, ti Odoo bọ́ sí i jù. Ìlà kan nínú ERPNext kò lè mú ju ìkòkò kan lọ, ẹ máa là á sí méjì ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n ní, "Èrè ìkòkò? Ṣé ìkòkò ló ń lọ tajà fún mi ni?" A kò ṣe é.

Ní ti àṣẹ, ìwé tuntun tí ẹ fi kóòdù dá sílẹ̀ nínú Odoo, akọ̀wé lásán kò ní rí i títí ẹ ó fi kọ ọ́ sínú fáìlì àṣẹ. Nínú ERPNext, bẹ́ ẹ bá ti dè akọ̀wé mọ́ oníbàárà kan pẹ̀lú User Permission, ìwé tiyín tó bá ní Link sí Customer mìíràn náà á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí akọ̀wé bá ní òun ò rí nǹkan kan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Èwo ni mo máa mú?

Bẹ́ ẹ bá ti ń lo Odoo, tí ẹ sì ní ẹni tó mọ Python nítòsí, ẹ má kó kúrò níbẹ̀ nítorí ìkòkò. Ìlà rẹ̀ tó dá dúró àti òmìnira láti yan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà ìparẹ́ dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, tí kò sì sí oníkóòdù kankan, ERPNext ni mo máa mú, tìtorí pé ó ń kọ̀ fún yín níbi tó yẹ kó kọ̀. Ẹni tó ń sanwó Odoo Online, tí kò sì fẹ́ bójú tó sẹ́fà, kó san ti Studio mọ́ ọn, kó má sì jẹ́ kí ìwé tirẹ̀ ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Méjèèjì ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù, kí fóònù àwọn oníṣẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀ lórí wáífáì ibẹ̀ láìná dátà. Nítorí iná, ẹ fi ínfátà kékeré tì í, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí bákùpù máa lọ síta lóroòru.

Ní ṣọ́ọ̀bù Màmá, ERPNext la fi parí iṣẹ́, Rírẹ sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ wọn obìnrin ló ń bójú tó o báyìí, kì í pè mí mọ́ tó bá fẹ́ dá ìwé tuntun sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dá ìwé Bátànì sílẹ̀, ó so ó mọ́ Item, ó fi Ìbàdàndùn àti Olókun ṣe méjì àkọ́kọ́. Orúkọ bátànì ló fi ṣe orúkọ àkọsílẹ̀, kò lo nọ́ńbà. Mo sọ fún un. Ó ní òun máa tún un ṣe lọ́jọ́ tí ọjà bá dákẹ́.